Baba Inú Ìgò Tí Kì Í Dáhùn Ìkíni

"Ẹ káàsán, sà."

Ògiri ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kí.

Ó jókòó sórí àga onírin kan láàárín yàrá, ìgò ojú dúdú kan tó tóbi bí agolo mílíìkì méjì tí wọ́n so pọ̀ bò ó lójú dé etí, bọ́tìnnì kékeré kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí ògiri lẹ́ẹ̀kan, ògiri ò dáhùn. Ó gbé ohùn sókè, ó tún un kí, bóyá kò gbọ́ ni. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó fọwọ́ gbọn eruku orí àga rẹ̀, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹ jókòó, sà."

Ẹ̀rọ pariwo: pẹ́ẹ̀ẹ̀ẹ̀n!

Máàkì já wálẹ̀.

Ẹ̀rín ń pa mí, ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ rín in, torí ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lójú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ó" nínú ìtàn yìí, kó lè yá wa. Tí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, "wọ́n" ni mo sọ o.

Ọmọ rẹ̀ yìí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, Aya Fèrèsé la máa ń pè é nílé. Kò síbi tí ẹ mú un dé tí kò ní fẹ́ fèrèsé ibẹ̀. Olùkọ́ á máa ṣàlàyé ìṣirò níwájú, ìyàwó á wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, á máa ka ẹyẹ. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ ò pé. Orí pé dáadáa, ilé ni kì í sábà gbé.

Ọ̀gá ilé-ìwé wọn, obìnrin kan tó ga bí òpó iná, ti sọ ọ́ láìfi bò pé bí ọmọ náà ò bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọkàn sí nǹkan kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé, òun á dá a padà sí kíláàsì ìsàlẹ̀. Ta ló wà ní kíláàsì ìsàlẹ̀? Àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ta ni mọ́nítọ̀ ibẹ̀? Àbúrò rẹ̀ obìnrin náà ni. Èyí ò tilẹ̀ dúró kí ọ̀rọ̀ délẹ̀, ó ti ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé pé tó bá dé kíláàsì òun, kó má retí ojúsàájú, ẹni tó bá pariwo, òun á kọ orúkọ rẹ̀. Aya Fèrèsé sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àgàgà ẹ̀sín tí àbúrò ẹni bá ń fi ẹni ṣe.

Ibẹ̀ la wà tí ẹnì kan fi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nípa ilé kan tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìfọkànsí. Bí ọmọ bá ti gbé ìgò yẹn sójú, kò sí nínú yàrá mọ́. Inú kíláàsì kan tó wà nínú ìgò ló wà, tó ní àga, tó ní pátákó, tó ní tíṣà. Tíṣà á máa kọ lẹ́tà sára pátákó. Tó bá kọ K, kí ọmọ tẹ bọ́tìnnì. Tí kì í bá ṣe K, kó jókòó jẹ́ẹ́. Iṣẹ́ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ bó ṣe ń wo pátákó ni ẹ̀rọ á máa tàn án: ajá á kọjá, fóònù á dún, bébà á máa fò. Ojú tó bá kúrò lára pátákó, máàkì á lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé ní àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lòun fẹ́ rí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kíláàsì àbúrò.

Ajá kọjá, Aya Fèrèsé ò wò ó. Fóònù dún gbirín gbirín, kò mira. Wọ́n tilẹ̀ ṣí fèrèsé kan sílẹ̀ fún un nínú ìgò náà, fèrèsé gbàràgàdà, ẹyẹ lórí igi níta. Ọmọ náà kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo wa. Inú ẹ̀gbọ́n mi ti ń dùn, ó ti ń fi ìgbúnwọ́ gún mi níhà.

Ìgbà náà ni baba kan ṣílẹ̀kùn wọlé.

Àgbàlagbà ni, irùngbọ̀n funfun, fìlà lórí, ọ̀pá lọ́wọ́. Àwa náà rí i, torí gbogbo ohun tí ọmọ bá ń rí nínú ìgò ni tẹlifísàn ara ògiri ń fi han àwa tá a jókòó. Baba gba iwájú pátákó kọjá, ó jáde. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún wọlé. Gbogbo ìgbà tó bá wọlé lọmọ wa ń kí i, gbogbo ìgbà tó bá kí i ni máàkì ń já.

Ogún péré ló gbà.

Obìnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà, Dókítà la máa ń pè é, obìnrin tín-ín-rín kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó bọ́ ìgò lójú ọmọ, ó ní kò burú fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó kàn jẹ́ pé tí baba yẹn bá tún wọlé, kó má kí i.

Ẹ̀gbọ́n mi tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Kó má kí ta ni?" ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀gbọ́n mi fún yín. Nínú ilé ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó jí tí kò kí èèyàn, kò tíì jí. Ó ti lé ọkùnrin tó wá tún páìpù omi ṣe padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn rí, pé kó lọ tún wọlé bí ọmọ èèyàn. Èmi tí mo ti ní ewú yìí, tí mo bá wọlé tí mo gbàgbé láti kí i, abọ́ òfìfo ni mo máa bá lórí tábìlì. Ọmọ tó fi gbogbo agbára yìí tọ́ ni wọ́n wá ní kó jókòó, kí àgbà wọlé, kó máa wo lẹ́tà K.

Dókítà ní àwòrán lásán ni baba náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun gbà pé àwòrán ni, ṣùgbọ́n ṣé àwòrán àgbà kọ́ ni? Dókítà ní kò lè gbọ́ràn. Ẹ̀gbọ́n mi ní àgbà tí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ pọ̀ nílẹ̀, a kì í torí ìyẹn ká má kí wọn. Dókítà wojú mi. Èmi wo bàtà mi.

"Ẹ gbé ìgò yẹn wá," ẹ̀gbọ́n mi sọ. "Mo fẹ́ rí baba tí ọmọ mi ń kí tí kò dáhùn."

Ẹ dúró ná. Ẹnì kan ṣì wà tí mi ò tíì fi hàn yín, ó jókòó níta ní yàrá tí wọ́n ti ń dúró.

Onígbàjámọ̀ ni mí. Dókítà ti ní kí àgbàlagbà méjì tẹ̀lé ọmọ wá, bàbá ọmọ sì wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi já wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò wo ẹni tó wà lórí àga. Ọwọ́ mi ló gbá mú, ó di ìta. Bẹ́ẹ̀, mo ti fá orí oníbàárà mi dé àárín gbùngbùn. Apá ọ̀tún ń dán gbinrin, apá òsì dúdú bí igbó. Kí lẹ fẹ́ kí ọkùnrin náà ṣe? Kò lè lọ sílé, kò lè lọ síbi iṣẹ́. Ó tẹ̀lé wa tòun ti aṣọ tí mo so mọ́ ọn lọ́rùn. Ó wá jókòó síta níbẹ̀, àwọn ọmọdé ń lọ sápá ọ̀tún lọ wò ó, wọ́n ń sáré bọ̀ sápá òsì wá wò ó, bí ẹni pé èèyàn méjì ni.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìgò sójú.

Ó kọ́kọ́ kí tíṣà kú iṣẹ́. Tíṣà ò dáhùn. Ó ní ó dáa, èyí wà lẹ́nu iṣẹ́, a fi jì í. Ilẹ̀kùn ṣí, baba wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó tẹrí ba, ó kí i. Baba ń lọ. Ó tún kí i. Baba ń lọ.

Ọ̀rọ̀ ti di àrífín nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi gbá tọ̀ ọ́.

Gbàgà! Tábìlì Dókítà dojú dé.

Wọ̀ọ̀ọ̀! Bébà gba òkè lọ.

Gbì! Fáànù onídùúró kọ́kọ́ tẹrí ba fún un, ó wá dùbúlẹ̀ gbalaja. Dókítà ń sáré tẹ̀lé e yí yàrá po, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé baba kò sí níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń dá a lóhùn pé kó fi òun sílẹ̀, òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a. Aya Fèrèsé fọwọ́ bojú. Èmi ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù, ẹ̀rín ti gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Àkókò yẹn gan-an ni sùúrù oníbàárà mi tán níta. Ó ṣílẹ̀kùn láti bi mí pé ìgbà wo ni màá parí orí òun. Kò tíì lanu tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi fi bà á láyà, gbá! Ó di aṣọ ọrùn rẹ̀ mú.

"Mo mú yín, Bàbá. Ọmọ ń kí yín láti ọjọ́ yìí, ẹ ò dáhùn. Ṣé bí àgbà ṣe ń ṣe nìyẹn?"

Ọkùnrin náà wo obìnrin tí kò lójú, tó jẹ́ pé agolo ló wà níbi tó yẹ kí ojú wà. Ẹ̀rù bà á débi tí aṣọ ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ má bínú, mà," ó sọ wẹ́rẹ́. "Mi ò gbọ́ ni. Káàsán o, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo wà?"

Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá a tún aṣọ ọrùn ṣe, ó yíjú sí ibi tó rò pé Dókítà wà, ó ní ṣé wọ́n ti rí i báyìí pé baba náà gbọ́ràn. Ó wá bọ́ ìgò. Ó rí orí ọkùnrin náà.

Ó wò ó títí.

"Bàbá," ó sọ jẹ́jẹ́, "ta ló ṣe yín báyìí?"

Gbogbo wọn ló wojú mi. Kílípà ṣì wà lápò mi.

Mo parí orí ọkùnrin náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀, ibẹ̀ lọgbọ́n sì ti sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní ṣebí ìkíni nìṣòro? Kí ọmọ kí baba sílẹ̀. Kó kí i tán pátápátá kó tó gbé ìgò sójú, ìkíni tó máa gbé e di ìrọ̀lẹ́, bí ẹni tó pọnmi sílẹ̀ de òùngbẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ronú sí i, ó ní ó mọ́gbọ́n dání, òun fúnra òun ló sì máa kọ́ ọmọ ní ohun tó máa sọ.

Nígbà tá a padà débẹ̀, Aya Fèrèsé dúró níwájú ẹ̀rọ tí wọn ò tíì tan.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ káàsán, sà. Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà. Ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú gbogbo ẹ̀, sà. Ẹ má bínú, mo fẹ́ máa wo pátákó."

Ó gbé ìgò sójú. Baba wọlé, baba jáde, baba tún wọlé. Ọmọ ò wò ó. Kẹ́, ó tẹ bọ́tìnnì. Kẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó gba ọgọ́ta. Dókítà pàtẹ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi jó díẹ̀, mo ti ń wo ara mi bí ọ̀jọ̀gbọ́n.

Àmọ́ ẹ̀rọ yìí, ọ̀dàlẹ̀ ni. Dókítà ṣàlàyé pé bí ọmọ bá ti ń gbọ́n ni ẹ̀rọ náà ń gbọ́n, pé ó máa ń ṣọ́ ibi tí bàtà ti ń ta ọmọ lẹ́sẹ̀, ibẹ̀ lá sì máa tẹ̀. Ó ti rí i pé ajá kọ́, fóònù kọ́. Baba ni. Ó bá pa ajá tì, ó dojú kọ baba.

Nígbà tó tún kàn, baba ru àpótí ńlá kan lórí. Orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ọmọ tí wọ́n bí dáadáa wo ló máa jókòó? Ó fò dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Ẹ gbé e wá, sà."

Pẹ́ẹ̀ẹ̀ẹ̀n!

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló gbé dé ilé lọ́jọ́ náà. Àbúrò rẹ̀ ti ra bírò tuntun tó máa fi kọ orúkọ aláriwo, ó ń dán an wò lára àtẹ́lẹwọ́.

Ìdánwò kan ṣoṣo ló kù, èyí tí ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ máa wá wò. Ó di dandan ká jẹ́ kí ẹrù mọ́ ọmọ lójú. Ta sì ni wọ́n máa gbé ẹrù lé lórí? Èmi tí mo gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi kó ìwé kún àpótí, ó gbé e rù mí, mo ń rìn yí pálọ̀ ká, mò ń kérora bí àgbà. Ọmọ jókòó ti ìwé ìṣirò rẹ̀, kó má wò mí. Ìṣòro tá a kọ́kọ́ ní ni pé kì í ṣe ọmọ ló ń dìde, ìyá rẹ̀ ni. Bí mo bá ti ní "yéè" báyìí, ó ti dé ìdí àpótí. A ní kó lọ jókòó sí ilé ìdáná, kó tilẹ̀kùn mọ́ra. Ibẹ̀ la ti ń gbọ́ tó ń bá mi kérora.

Díẹ̀díẹ̀, ọmọ ń mọ̀ ọ́n. Ojú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ìwé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ mi kọ́ etí rọ́ọ̀gì, mo lọ sílẹ̀ gbìrìgìdì, àpótí jókòó lé mi láyà, ìwé bò mí dé imú. Mo ní kí wọ́n gbà mí. Òótọ́ ni mo ń sọ o, eré ti tán nínú ẹ̀.

Aya Fèrèsé ṣí ojú ìwé tó kàn.

Mo sùn sílẹ̀ níbẹ̀, inú mi ń dùn, ìhà mi náà ń dùn mí.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọ̀gá ilé-ìwé wọlé pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lápá, ó jókòó síwájú tẹlifísàn, ó tún ìgò tirẹ̀ tó wà lójú ṣe. Oníbàárà mi náà wá. Ó ní orí òun ti wà nínú ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, ó yẹ kóun rí ìparí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ etí gèlè rẹ̀. Aya Fèrèsé kí baba sílẹ̀, ó fi ẹ kú ẹrù kún un, ó fi ẹ kú ara ríro kún un, ó wojú ìyá rẹ̀, ó gbé ìgò sójú.

Tíṣà kọ M. Ó jókòó jẹ́ẹ́. Tíṣà kọ K. Kẹ́.

Ilẹ̀kùn ṣí.

Ẹ̀rọ kó gbogbo ìwà ìkà rẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà. Àpótí méjì ni baba rù, ọ̀kan lórí èkejì. Fìlà rẹ̀ ti jábọ́. Ọ̀pá rẹ̀ ti ṣẹ́. Ó ń wúkọ́, hẹ̀, hẹ̀, hẹ̀. Ó tiro dé iwájú pátákó, ó dúró, ó wá ń wo ọmọ náà bí ẹni tí ìtìjú ò jẹ́ kó lè bẹ̀bẹ̀.

Aya Fèrèsé ò wò ó. Ó fọwọ́ kan di ẹsẹ̀ àga mú, omi ń yọ lábẹ́ ìgò bọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n K ló ń wò.

Àwa ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n mi ti dìde. Oníbàárà mi ti dìde. Èmi tí mo mọ̀ dájú pé àwòrán ni, mo bá ara mi lórí ìdúró, ọrùn ń ro mí fún un. Dókítà tó ń tan ẹ̀rọ náà lójoojúmọ́ ti fọwọ́ lérí. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ṣe bí ọ̀gá ilé-ìwé. Ó ju báàgì sílẹ̀, ó sáré lọ bá tẹlifísàn, ó na ọwọ́ gígùn méjèèjì sókè, ó ń fọwọ́ tá ara dígí, ó ń wá ibi tó máa ti gba ẹrù.

Baba yẹ̀ gẹ̀rẹ̀.

Gbàràmù! Baba ṣubú, àpótí ṣubú lé baba.

Gbogbo yàrá ké yéè.

Tíṣà kọ K. Kẹ́, ọmọ tẹ bọ́tìnnì.

Orin dún. Márùndínlọ́gọ́rùn-ún! Dókítà ní látìgbà tóun ti ń ṣiṣẹ́ náà, òun ò rí irú ẹ̀ rí. Aya Fèrèsé bọ́ ìgò, ó nu ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín láti etí dé etí, ó yíjú sí ọ̀gá ilé-ìwé kó lè gba oríyìn rẹ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé ṣì wà níwájú tẹlifísàn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó wo baba tó wà nílẹ̀. Ó wo ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ yìí jókòó," ó sọ. "Àgbàlagbà ṣubú lójú ẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, ó ń tẹ bọ́tìnnì."

Dókítà bẹ̀rẹ̀ àlàyé, àlàyé ò wọlé. Ọ̀gá ní òun ò jiyàn ìfọkànsí, ọkàn tọ́mọ náà ní le ju òkúta lọ, òun ti fojú ara òun rí i. Ṣùgbọ́n òun ò lè mú irú ọkàn bẹ́ẹ̀ wọ kíláàsì òkè. Kó lọ jókòó ní ìsàlẹ̀, kí àbúrò rẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọmọlúàbí. Mọ́nítọ̀ dáadáa ni.

Ẹnu ọmọ là sílẹ̀ gbàgà. Mo ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, torí mo mọ ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ìjà tó máa bẹ́ nínú yàrá yìí, fáànù á tún ṣubú. Mo yíjú sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ò tilẹ̀ wo ọ̀gá. Ẹkún ló ń sun. Ó gba ìgò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi etí gèlè nù ún dáadáa, ó fọwọ́ méjèèjì gbé e fún Dókítà.

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ ṣeun gan-an," ó sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá ọmọ mi padà sí bí mo ṣe mú un wá."